Tọ́wọ́ Ò Bá Lè Ṣiṣẹ́: Ìnṣọ́ránsì Wo Ló Ń Sanwó fún Ẹni Tí Kò Ní Ọ̀gá?

Bí tírélà sìmẹ́ńtì bá gbá ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Ọbájànà sí Kàbà, tí Ọlọ́run yọ ọ́ ṣùgbọ́n tí itan rẹ̀ ṣẹ́, ẹnì kan nínú ẹbí á tú àpò rẹ̀ wò, á sì yọ ìwé ìnṣọ́ránsì ọ̀kadà jáde. Ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀ díẹ̀. Ìwé náà lè má jẹ́ ayédèrú rárá. Síbẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ fún itan tó ṣẹ́ yẹn.

Ìdí ni pé ìwé tí ìjọba fi dandan mú gbogbo ọlọ́kọ̀ láti ní, ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ló wà fún, kì í ṣe ẹni tó ń wà á. Òfin rẹ̀ ti wà láti 1945, látìgbà òyìnbó: bí o bá ṣe ẹlòmíì léṣe lójú títì, kí owó wà tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò (ìnṣọ́ránsì náà ni), ti gbé owó rẹ̀ sí ₦3,000 fún ọ̀kadà, ₦5,000 fún kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni. Owó táṣẹ́rẹ́ ni lóòótọ́, torí ewu ẹlòmíì nìkan ló ń gbé.

Nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà wa yìí, owó lè wà, ṣùgbọ́n inú ìwé tírélà ló wà. Bó bá jẹ́ awakọ̀ tírélà ló jẹ̀bi, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó kọ ìwé tírélà náà ló yẹ kó dáhùn fún itan tó ṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ fi fóònù ya nọ́ńbà ọkọ̀ náà, orúkọ tó wà lára rẹ̀, àti ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ bí wọ́n bá gbà kó rí i. Ojú ẹsẹ̀ ni ká ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ ti dé Kánò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ojúlé kan tí wọ́n ń pè ní askNIID. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ìwé rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ níbí ni "ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa". Awakọ̀ á kó owó díẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà á bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní kí ẹni tó ń jẹ̀rora fọwọ́ sí bébà pé òun ò bínú mọ́. Ẹ máa dárí jì, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí bébà kankan kí dókítà tó sọ iye oṣù tí ẹsẹ̀ yẹn máa gbà.

Bó bá wá jẹ́ ọlọ́kadà ló jẹ̀bi ńkọ́, tàbí ihò ojú títì ló gbé e ṣubú? Bó bá jẹ́ káfíntà ni, tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀? Kò sí ẹlòmíì tá a lè bá wí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ajẹ́ntì ti ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ni lójú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa fi lu gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú yín: ta ni owó yìí máa bọ́ sí lọ́wọ́, kí ló sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kó tó jáde? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kò nílò kó mọ orúkọ ìwé.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá lóòótọ́ ni ẹ kò ní ọ̀gá

Tíṣà ìjọba tó wà ní Ìyàrà lè fi sìmẹ́ńtì di ẹsẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí owó oṣù rẹ̀ ṣì máa wọlé. Òfin kan tún wà fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 2010, tó ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àpò owó náà. Láti inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án, wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń gbọ́ èyí tí wọ́n á ní kò kàn wá. Ẹ dúró ná. Òfin yẹn ò sọ pé owó oṣù nìkan ló ń sọ èèyàn di òṣìṣẹ́. Ó ka ẹni tí wọ́n gbà fúngbà díẹ̀ mọ́ wọn, ó ka ẹni tí wọ́n gbà láìkọ̀wé, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó tún ka ọmọ iṣẹ́ mọ́ wọn. Bírikìlà tí kọngílá kan gbà sí sáìtì ní Lọ́kọ́jà, tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún, tó sì já bọ́ lórí àkàbà, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ kọngílá náà lọ́jọ́ yẹn. Òfin fún un ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹni tó farapa ní ọdún kan láti béèrè owó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ wáásápù lẹ fi ránṣẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ "mo sọ fún un" kò ní ọjọ́ lórí.

Ó tún kù fún àwọn tó ń kọ́lé. Òfin adójútòfò ti sọ láti 2003 pé ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju ìsàlẹ̀ àti òkè kan lọ gbọ́dọ̀ ra adójútòfò fún ewu tí ìkọ́lé náà lè fà bá àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń kọjá. Òfin tuntun jáde ní 2025 tó rọ́pò ti 2003, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adójútòfò tó pọn dandan kò kúrò nínú rẹ̀. Kí ẹ tó gun àkàbà ilé gíga kan, kò burú láti béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù nínú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú òfin, ọ̀gá wẹ́dà tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ní Ìsánlú náà ti di agbanisíṣẹ́ nìyẹn. Bí iná wẹ́dà bá fọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ, kì í ṣe àdúrà nìkan ni òbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ìwé tí kì í ṣe ohun tá à ń wá

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí àwọn yìí. Adójútòfò ẹ̀mí, ikú ló ń ṣí i. Ẹni tó wà láàyè tí ọwọ́ rẹ̀ rọ kì í rí nǹkan gbà nínú rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá kọ àìlèṣiṣẹ́ kún un. NAIC, ilé-iṣẹ́ adójútòfò àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987, irè oko àti ohun ọ̀sìn ló ń bójú tó. Bí iná ọyẹ́ bá jó oko kaṣú ní Bùnú, ẹ lè lọ bá wọn bí ẹ bá ti forúkọ oko náà sílẹ̀. Bí àdá bá ge àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò kàn wọ́n. Owó ìnṣọ́ránsì tí báńkì kékeré máa ń yọ lára ẹ̀yáwó, gbèsè ni wọ́n fi ń dáàbò bò. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, báńkì lowó náà ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ìyàwó oníṣòwò á kàn gbọ́ pé gbèsè ti parẹ́ ni. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n kì í ra gààrí.

Adójútòfò ìlera ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ dúró lé lórí díẹ̀, torí pé òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù láìjẹ́ òun gan-an. Láti 2022 ni òfin àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó sì gbé NHIA kalẹ̀ láti bójú tó o. Ìpínlẹ̀ Kogí ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀, tí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba náà lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni owó rẹ̀ ń lọ, fún àwọn ìtọ́jú tí wọ́n kọ sínú ìwé. Kì í dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ní in kò ní ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó san owó iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ló sì ń dá ọ̀pọ̀ padà sí oko lẹ́yìn jàǹbá, ju owó oúnjẹ lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, òun ni màá kọ́kọ́ rà. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n á kọ yín sí. Kò ní ṣe ẹni tó ń gbé Ẹ̀gbẹ̀ láǹfààní kí wọ́n kọ ọ́ sí Lọ́kọ́jà nígbà tí ilé ìwòsàn ECWA wà nílùú rẹ̀, bí ìyẹn bá wà nínú ìwé tí wọ́n ń lò. Ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀, torí pé kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí èèyàn sanwó.

Èyí tó ń sanwó fún ara yín

Ìwé tí à ń wá ni adójútòfò jàǹbá ara-ẹni. Àwọn ajẹ́ntì ń pè é ní *personal accident*, orúkọ yẹn náà sì ni kẹ́ ẹ béèrè bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó lè gbà jáde nínú rẹ̀. Bí jàǹbá bá pani, odindi owó tí ẹ kọ sínú ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Bí jàǹbá bá gba ẹ̀yà ara kan tí kò ní padà mọ́, wọ́n á san ìdá kan nínú owó náà. Bí ara bá máa padà ṣùgbọ́n tí èèyàn ò lè ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n á máa san owó ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni owó ìtọ́jú, tí kì í sábà pọ̀.

Owó ọ̀sẹ̀ yẹn ni oníṣẹ́ ọwọ́ nílò jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń yọ kúrò kí ìwé lè dínwó. Mo ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń yọ̀ pé àwọn rí ìwé olówó pọ́ọ́kú, láìmọ̀ pé ikú àti gígé ẹ̀yà ara nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹ má béèrè "èló ni?" kí ẹ tó béèrè "owó ọ̀sẹ̀ wà nínú rẹ̀?" Bó bá wà, ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tó gùn tó, ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dúró ní ọ̀sẹ̀ 52 tàbí 104. Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan lè sọ pé àwọn kò ka ọjọ́ méje àkọ́kọ́, òmíràn lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ ìdúró bá ti ń gùn sí i ni owó tí ẹ ń dá ń kéré sí i, ẹni tó sì ní ìfipamọ́ díẹ̀ lè fara mọ́ ọjọ́ tó gùn.

Ní ti ẹ̀yà ara, tábìlì kan wà nínú ìwé tó pín gbogbo ara sí ìdá. Tábìlì yìí kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ká ní ìwé kan jẹ́ ti ₦1,000,000, ká ní tábìlì rẹ̀ sì kọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún fún àtàǹpàkò. Télọ̀ tó pàdánù àtàǹpàkò rẹ̀ máa gba ₦250,000. Pásítọ̀ tó pàdánù tirẹ̀ náà máa gba ₦250,000. Pásítọ̀ á máa wàásù lọ, ti télọ̀ ti parí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé" ṣe ní ìtumọ̀ méjì. Ìwé kan lè sọ pé iṣẹ́ yín gan-an ni. Òmíràn á ní iṣẹ́ yòówù ni, débi pé bí wẹ́dà tí ojú rẹ̀ fọ́ bá ṣì lè jókòó ta káàdì fóònù, wọ́n á ní ó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí ajẹ́ntì fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Jàǹbá náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun òjijì, tí ẹ kò fẹ́, tó ti òde wá, tí ojú sì lè rí. Ẹ̀yìn tó ń dun ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù láti ọdún mẹ́wàá kì í ṣe jàǹbá. Ìpá kì í sábà wọlé. Ojú télọ̀ tó ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀, ibà tó dáni dùbúlẹ̀ fún oṣù kan, gbogbo wọn jẹ́ àìsàn, ìwé yìí ò sì mọ àìsàn. Ẹni tó bá mutí yó kó tó ṣubú, ẹni tó bá ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹni tó lọ bá wọn jà níbi rògbòdìyàn, wọ́n ti yọ gbogbo wọn.

Èyí tó kàn wá jù nílẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ní Kogí, ni ti alùpùpù. Ọ̀pọ̀ ìwé jàǹbá ara-ẹni ló yọ gígun alùpùpù kúrò pátápátá, ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tí wọ́n gbé, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ kún un tí wọ́n sì fowó lé e. Ní Ìjùmú àti Bùnú, ọ̀kadà la fi ń dé oko, òun la fi ń dé ọjà, òun la fi ń lọ kí àna. Ìwé tó yọ alùpùpù kúrò ti yọ ìdajì ìgbésí ayé wa. Ajẹ́ntì tó bá ti Èkó wá lè má rántí sọ ọ́. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì rí i lákọsílẹ̀.

Iye tí ẹ máa dá dúró lórí iṣẹ́ yín. Wọ́n pín iṣẹ́ sí ìpele: ẹni tó ń jókòó nínú ọ́fíìsì ló ń san èyí tó kéré jù, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tàbí tó ń gun òkè san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdẹwò wà láti kọ "oníṣòwò" síbi tó yẹ kí ẹ kọ "ẹni tó ń la pákó". Ẹ má dán an wò. Ìwé ìbéèrè tí ẹ fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yọ síta lọ́jọ́ tí ẹ bá béèrè owó, irọ́ kékeré kan níbẹ̀ sì lè fọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá yí iṣẹ́ padà láàárín ọdún, ẹ kọ̀wé sí wọn.

Ohun kan wà nínú irú ìwé yìí tí kò sí nínú ti ọkọ̀: èèyàn lè ní méjì, kó sì gba owó lórí méjèèjì, bó bá ti sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé òun ní òmíràn. Ìdí ni pé wọn kì í díye lé ẹsẹ̀ èèyàn bí wọ́n ṣe ń díye lé ọkọ̀.

Ẹ̀rí iye tí ẹ ń pa

Owó ọ̀sẹ̀ kì í kọjá ohun tí ẹ lè fi hàn pé ẹ ń rí. Káfíntà tó ń pa owó gidi ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ kò ní ohun tó máa gbé sílẹ̀. Ẹ ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí oníbàárà máa fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbà lówó, ẹ kó o lọ sí POS kí ẹ fi sí àkáǹtì náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé àkáǹtì yẹn á máa sọ̀rọ̀ fún yín. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, lórí NIN àti lórí ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ bára mu. "Délé" níbì kan àti "Bámidélé" níbòmíì ti fa ìjà tí kò yẹ kó wáyé rí.

Nílẹ̀ wa, ẹ̀rí jàǹbá fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣòro jù, torí ọ̀dọ̀ atún-eegun-tò la kọ́kọ́ ń gbé ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ lọ. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àwọn bàbá wọ̀nyí, eegun tí wọ́n tò tó wà kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í gba ẹ̀rí wọn. Ìwé dókítà tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú fọ́tò ẹ́síréè, àti ọjọ́ tí dókítà sọ pé ẹ kò lè ṣiṣẹ́ dé. Ibi yòówù tí ẹ bá máa gbé e lọ níkẹyìn, ẹ kọ́kọ́ gbà á kọjá ní ọsibítù ìjọba, kí wọ́n ya ẹ́síréè, kí wọ́n kọ ìwé. Ẹ sì fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín wà nínú ìwé, kì í sì í pọ̀.

Èyí tó ń sanwó fún àìsàn náà ńkọ́?

Ó wà láyé. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lè ra ìwé tó máa ń san apá kan owó tó ń pa lóṣooṣù fún un, ì báà jẹ́ àìsàn ì báà jẹ́ ìfarapa, títí ara rẹ̀ á fi yá tàbí títí á fi di àgbà. Àwọn ẹbí wa tó wà lọ́hùn-ún ló sábà máa ń sọ ọ́ nínú fóònù, tí wọ́n á ní ẹ lọ rà á. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú kiri Kàbà lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta irú rẹ̀ fẹ́ ìwé owó oṣù àti ìwé ìlera tí ọ̀pọ̀ wa kò ní. Èyí tó sún mọ́ ọn tí wọ́n ń tà níbí ni ìwé àìsàn ńlá, tó ń san owó ẹ̀ẹ̀kan bí dókítà bá rí ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ, bíi jẹjẹrẹ tàbí kídìnrín tó kọṣẹ́. Irú kan tún wà tó ń san iye kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá sùn ní ọsibítù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dá yín padà sílé, ó ti tán, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì lè gbé òòlù.

Ohun tó ṣe é ṣe níbí, tí mo sì rò pé ó dáa ju kí oníkálùkù máa dá wá a lọ, ni kí ẹgbẹ́ rà á pa pọ̀. Ẹgbẹ́ télọ̀ wà, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà wà, ẹgbẹ́ wẹ́dà, ẹgbẹ́ onídìrí. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n ní akọ̀wé. Ìwé jàǹbá ti ẹgbẹ́ máa ń dínwó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ sì máa ń gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ bá ní kí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lágbára láti sọ pé "ẹ dá alùpùpù padà sínú ìwé". Ọgọ́ta ọlọ́kadà tó bá wọlé pa pọ̀ lè sọ ọ́. NAICOM tún ní ìlànà fún adójútòfò kéékèèké tí wọ́n ṣe fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, kí ẹgbẹ́ béèrè rẹ̀. Fún Mùsùlùmí tí kò fẹ́ ohun tó ní èlé nínú, takáfúlù wà, ìyẹn adójútòfò nílànà Ìsìláàmù, ìlànà rẹ̀ ti jáde láti 2013.

Ẹgbẹ́ ní ewu tirẹ̀, orúkọ ewu náà sì ni akápò. Òfin sọ ọ́ kedere: bí owó kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, kò sí adójútòfò. Owó tí ẹ dá ní ìpàdé oṣù Kẹta, tó wà lápò akápò títí di oṣù Karùn-ún, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni láàárín oṣù méjì yẹn. Kí ẹgbẹ́ sanwó tààrà sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti ajẹ́ntì, kí wọ́n sì ka rìsíìtì sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà lórí ojúlé NAICOM. Kí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n máa fowó fún; ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí ìwé ti jáde kò sí nínú rẹ̀ títí wọ́n á fi kọ ọ́ kún un.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Kò sí adójútòfò tó ń sanwó lọ́la. Ọjọ́ ìdúró wà, ìwé dókítà wà, lílọ-bíbọ̀ wà. Àárín ìgbà yẹn, ohun tá a ti ní nílẹ̀ ló máa gbé wa: èsúsú, àjọ, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Fún àgbẹ̀, àárò ṣì ń ṣe ohun tí owó kò lè tètè ṣe, torí pé iṣu kò mọ̀ pé olóko wà lórí ibùsùn. Kí wọ́n bá a kọ ebè ló fẹ́. Ìjọba náà ṣí ètò ìfẹ̀yìntì kan sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2019 fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, tí èèyàn lè máa fi díẹ̀díẹ̀ sí. Nínú ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀ ṣe é mú nígbà ìṣòro, ìdá 60 yòókù di ọjọ́ ogbó. Kì í ṣe adójútòfò, owó yín náà ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí tí gbogbo ilé mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti sanwó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ lórí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí wọ́n sì tọ́ka sí ìlà tí wọ́n gbára lé nínú ìwé. Nígbà míì, kíkọ lẹ́tà yẹn nìkan ti tó láti mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ rò. Bí kò bá tó, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn àwọn tó ra adójútòfò. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà, rìsíìtì owó tí ẹ san, ìwé dókítà àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi tó wọn létí ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kù sílé.